Ẹni Tó Já Òdòdó Igi Ìyá Àgbà

Igi ìgbálẹ̀ ni tẹlifóònù tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè nílé wa. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ rí Àǹtí Bísí, yóò gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn tí màmá mi fi ń gbá kíṣìnì, yóò dorí rẹ̀ kodò, yóò sì fi ìdí igi náà gbá àjà: gbà, gbà. Àǹtí Bísí yóò fi gìgísẹ̀ dáhùn lókè: kì, kì. Kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mariners Harbor ni ilé náà wà, ní Staten Island, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó kan báyìí, àwa nísàlẹ̀, Àǹtí Bísí àti ọkọ rẹ̀ lókè, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la sì jọ ń gbà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, a kì í sábà rí i. Wọn kò tíì bímọ. Kò sí ẹni tó ń sọ èyí jáde nílé wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe kéré tó, nítorí pé ìgbàkígbà tí màmá mi bá dárúkọ Àǹtí Bísí nínú àdúrà, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

Ìyá bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Láti Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti mú un wá kó lè máa tọ́jú mi, torí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni bàbá àti màmá mi ń ṣe, bàbá mi lóru, màmá mi lọ́sàn-án. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé: wọ́n ń lọ tọ́jú ìyá oníyàá, ìyá tiwọn wà nílé, ó ń wo ògiri. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "tẹ́ńkíù" lọ. Bí mo bá ti lọ sílé ìwé, tí bàbá mi sì ń sùn, kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ àfi Àǹtí Bísí, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á jọ ṣa ẹ̀wà, wọ́n á jọ bó o, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ títí fèrè àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá yóò fi bò wọ́n lóhùn. "Bí kì í bá ṣe Bísí," Ìyá Àgbà máa ń wí, "ǹ bá ti gbàgbé bí ohùn ara mi ṣe ń dún." Àǹtí Bísí náà kì í pè é ní "Màmá" lásán. "Màmá mi" ló ń pè é.

Onífura ni gbogbo wa nílé yẹn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Bàbá mi ló ṣáájú. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ẹnì kan ti fi ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ háyà fún un, láti ọjọ́ náà ni kò ti gba ilẹ̀kùn tí kò ní ṣéènì gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Miss Carmen kan ilẹ̀kùn wa, ojú àti imú bàbá mi nìkan ló yọ sí i. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni Miss Carmen kó tó fẹ̀yìn tì, ara Puerto Rico ni, fìlà koríko kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ bí òtútù ṣe wù kó mú tó. Ó ní ilẹ̀ òfìfo tó wà ní ìparí òpópó wa, níbi tí wọ́n ń da táyà àti fíríìjì tó ti bàjẹ́ sí, ìjọba ti gbà kí ará àdúgbò gbin igi eléso síbẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò mú igi kan tọ́jú. Bó bá so, gbogbo wa la jọ máa ká a. Bàbá mi dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún fa kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ ní America," ó wí nídìí oúnjẹ alẹ́. "Wọ́n á ní ó free. Tó bá yá, wọ́n á gbé bill dé."

"Ó lè jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì ni," màmá mi wí.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Wọ́n ní wọ́n máa kó yẹ̀pẹ̀ tuntun wá fi bo ilẹ̀ náà. Kí ló wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bò?"

Àǹtí Bísí, tó wá bá wa jẹ ẹ̀wà, rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, èmi mọ ohun tí wọ́n ń wá o. Wọ́n fẹ́ kí street yìí dára, kí landlord lè fi kún rent."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo wọn ni ejò Amẹ́ríkà ti bù jẹ. Ìyá Àgbà nìkan ni kò bá wọn sọ̀rọ̀ bill tàbí rent. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ilẹ̀ ni ẹ wí?" ó bi wọ́n. "Ilẹ̀ tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbẹ́?" Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀. Orí kápẹ́ẹ̀tì àti kọnkéré ló ń rìn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbé ìgbálẹ̀, ó ti gbá àjà, ó ní kí Àǹtí Bísí wá mú òun lọ bá onífìlà yẹn.

Òtútù ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbin igi. Èémí wa ń rú bí èéfín. Igi tí wọ́n fún àwọn yòókù kò ju igi ìgbálẹ̀ wa lọ, gbòǹgbò rẹ̀ wà níhòòhò nínú àpò tútù. Ṣùgbọ́n Miss Carmen ní Ìyá Àgbà ló dàgbà jù ní òpópó wa, ó sì fún un ní igi ápù kan tó ti lọ́jọ́ lórí díẹ̀, tó ti ya ẹ̀ka. Ìyá Àgbà yí igi náà ká. "Òkú igi rèé," ó wí. Àǹtí Bísí tú ọ̀rọ̀ náà fún Miss Carmen, ó sì tú èsì rẹ̀ padà: igi ò kú, ó ń sùn ni, òtútù ló mú un sùn. "Mo mọ igi tó ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn," Ìyá Àgbà dáhùn, "ṣùgbọ́n igi tó ń sùn, tí gbogbo wa dúró tì í, tí kò jí kí wa!" Ó fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀, ó rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Àǹtí Bísí ló di igi náà mú kó dúró gbọn-in, Ìyá Àgbà sì ń fi ẹsẹ̀ ki yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí, bàtà yìnyín màmá mi ló wọ̀. Bàbá mi dúró lókèèrè, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ìgbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í dé, nínú gbogbo igi tó wà níbẹ̀, ti Ìyá Àgbà nìkan ló tanná. Òdòdó funfun tó ní pupa díẹ̀ létí, ó bo ẹ̀ka rẹ̀. Lówùúrọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti mu ògì tán, kí n tó lọ sílé ìwé, èmi àti Ìyá Àgbà á lọ kí i. "O ò jí ire bí?" yóò wí fún igi náà. Ó ti pín èso tí kò tíì so. Èyí àkọ́kọ́, Àǹtí Bísí ni. "Ìwọ lo bá mi dì í mú," ó sọ fún un níwájú mi. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́, á sì ṣe ọ́ ní ire tí mo mọ̀." Àǹtí Bísí wolẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, bó bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ó máa ń yà síbẹ̀, á dúró ti igi náà, á máa fi ìka kan òdòdó rẹ̀. Ojú fèrèsé ni Ìyá Àgbà ti máa ń rí i, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Àgbà dá lọ síbẹ̀. Igbe rẹ̀ la gbọ́. Nígbà tí èmi àti màmá mi fi máa sáré jáde, ó ti ń bọ̀ wálé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún òdòdó tó ti rọ. Kò ku ọ̀kan lórí igi. Kì í ṣe atẹ́gùn, ó wí, torí ewé kan kò yẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ já wọn ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ó wọ ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Lórí àkísà tí a fi ń nu ẹsẹ̀, ní ìdí àtẹ̀gùn gan-an, òdòdó funfun méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa wọ́n. Ó gbé ojú sókè, sí orí àtẹ̀gùn.

"Kòkòrò tó ń jẹ obì," ó wí, "inú obì ló wà."

Ibi tí ó burú sí ni pé Àǹtí Bísí ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nígbà náà, ó gbé mọ́ínmọ́ín dání, ó fi abọ́ mìíràn dé e. Ó ti gbọ́ igbe, ó ń bi wá pé kí ló dé. Ìyá Àgbà na òdòdó inú ọwọ́ rẹ̀ sí i. "O máa ń dúró tì í. Mo máa ń rí ọ láti ojú fèrèsé." Àǹtí Bísí kò tètè lóye. Nígbà tó yé e, ó ní, "Màmá mi, èmi kẹ̀?" Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ṣì ń gbọ́ di òní. Ó ní: "Ẹni tí kò rí ọmọ gbé pọ̀n, ṣé ìlara òdòdó igi á jẹ́ kó sùn?"

Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi yọ láti yàrá, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo òdòdó, ó wo ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Màmá, ó tó," ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì padà sínú yàrá. Àǹtí Bísí yí padà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín rẹ̀. A gbọ́ ìgbà tó fi ṣéènì kọ́ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Àgbà fi àálè sára igi náà. Ó wá ṣùkù àgbàdo, ó wá òòyà tó ti kán, ó ya aṣọ pupa kan, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó sì sọ̀rọ̀ sí i: bí nǹkan wọ̀nyí ṣe kán, bí wọ́n ṣe gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí ọwọ́ tó já òdòdó yẹn kán, kó sì gbẹ. Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní ilé onígbàgbọ́ ni ilé yìí. "Èmi náà kì í ṣe kèfèrí," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Oko bàbá mi tó jẹ́ olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àálè ló ń ṣọ́ ọ. Kí ni ẹ̀yin ń fi kámẹ́rà ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo yìí? Kámẹ́rà ni àálè òyìnbó." Miss Carmen kọjá, ó rí nǹkan pupa tó ń fì lórí igi, bóyá ó rò pé ẹyẹ la fi ń lé, ó juwọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín," Ìyá Àgbà wí. "Òun náà lọ́wọ́ sí i." Àwọn Yorùbá tó wà ní òpópó wa ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá.

Ilé wá pín sí méjì. Lókè, Àǹtí Bísí ń yí àdúrà sókè lórí rédíò láti àárọ̀. Nísàlẹ̀, màmá mi ń fi òróró pa òkè ilẹ̀kùn wa. Bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Bísí á kí Ìyá Àgbà, torí a kì í rí àgbà ká má kí i, ṣùgbọ́n á ti fi ara rọ́ ògiri kí aṣọ wọn má kan ara wọn. Èmi náà ò ní gba súìtì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n má gbà á. Ojú ilé ni mo wò. Ìyá Àgbà ń dá ṣa ẹ̀wà. Ó máa ń gbé ìgbálẹ̀, á wo àjà, á sì gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan lókè, ṣààà, ṣààà, bí ẹni ń ya aṣọ. Téèpù ni, tí wọ́n fi ń lẹ páálí. Àǹtí Bísí ń di ẹrù. Ó ti ń wá ilé sí Canarsie, ní òdìkejì omi.

"Dá mi padà sí Ìsẹ́yìn," Ìyá Àgbà wí fún bàbá mi lọ́jọ́ tí a gbọ́ ọ. Kò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ló ń wò.

Mo ti dàgbà, mo ti ní ilé tèmi, èmi náà sì ń fa kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní mo ń bi ẹni tó bá ṣe mí lóore ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, ilé tí mo ti jáde la ti ń bi òdòdó léèrè ẹni tó já a. Mo mọ̀ báyìí pé ìfura kò burú. Òun ló gba bàbá mi lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ewu ní ìlú yìí. Àṣìṣe wa ni pé ibi tó súnmọ́ wa jù ni a kọ́kọ́ ń nà án sí, níbi tí apá wa ká.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan nígbà náà, tí Àǹtí Bísí ṣì ń di ẹrù lókè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì àti adìyẹ ni màmá mi sè. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí.

"Káyọ̀dé," Ìyá Àgbà wí, "ọwọ́ òsì lo fi ń jẹun níwájú mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ti ọ̀tún ló ń dùn mí."

Ó gbé e jáde lábẹ́ tábìlì. Ọrùn ọwọ́ náà ti wú. Màmá mi ní baba arúgbó kan ló fẹ́ gbé dìde níbi iṣẹ́, baba náà sì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ti ní kó lọ ya X-ray, kò gbọ́. Ìyá Àgbà ní kí n bá òun gbé òróró wá, kí òun fi wọ́ ọ fún un. Bàbá mi kò na ọwọ́ náà sí i. Òógùn ń yọ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi tú nǹkan yẹn kúrò lára igi."

"Nǹkan wo?"

"Àálè yẹn."

"Kí ló kàn ọ́ nínú àálè?"

Ṣíbí màmá mi dúró. Bàbá mi ń wo ìrẹsì rẹ̀. "Èmi ni mo já òdòdó náà," ó wí.

Gbogbo rẹ̀ jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ni Miss Carmen dá a dúró. Ó ní igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò gbọ́dọ̀ so lọ́dún àkọ́kọ́. Bí a bá jẹ́ kó so, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní rìn, òtútù tó ń bọ̀ á pa á. Àṣà àwọn tó ń gbin ápù nìyẹn, wọ́n máa ń já òdòdó rẹ̀ kí igi lè yè. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà," bàbá mi wí. "Mo ní kí n já a, tí mo bá délé kí n ṣàlàyé fún yín. Ẹ ń sùn. Èmi náà ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Igbe yín ló jí mi."

"O wá jáde, o gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"O sì padà lọ sùn."

Bàbá mi gbé ọwọ́ tó wú náà padà sábẹ́ tábìlì. Títí di òní, màmá mi ní arúgbó tó yọ̀ ló ṣe é lọ́wọ́. Bàbá mi, tó ka ìwé yunifásítì, kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ò mọ̀, mi ò sì ní búra.

Ìyá Àgbà dìde láìjẹun tán. Ẹni tó bá fi àálè lélẹ̀ ló ń ká a, nítorí náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e. Ó tú aṣọ pupa, ó tú òòyà, ó tú ṣùkù. "Ọmọ mi ni," ó ń wí fún wọn. "Ẹ má mú un. Èmi ni mi ò mọ̀." Ó kó wọn sínú ìró rẹ̀, ó wá padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, òun tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gùn ún rí, tó fi jẹ́ pé igi ìgbálẹ̀ ló ń bá a gun òkè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ó kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lójú rẹ̀.

"Bísí."

"Màmá."

Kò fi "mi" sí i. Mo gbọ́ ọ, Ìyá Àgbà náà gbọ́ ọ.

"Kì í ṣe ìwọ."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi, Màmá."

"Káyọ̀dé ni. Wọ́n ní kó já a kí igi lè yè." Ó mí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ nísàlẹ̀ yẹn..."

"Ẹyin lọ̀rọ̀," Àǹtí Bísí wí. Kò parí òwe náà, kò sì sọ "tótó, ó ṣe bí òwe" tí ọmọdé gbọ́dọ̀ sọ bó bá pa òwe níwájú àgbà.

Ìyá Àgbà gbára lé ògiri, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àǹtí Bísí figbe ta. "Ẹ má dán an wò o! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣépè fún mi ni?" Ó já ṣéènì, ó jáde, ó gbá a mú lábẹ́ apá kó tó délẹ̀.

"Orúnkún ló ń dùn mí," Ìyá Àgbà wí.

Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kúnlẹ̀ ni tàbí orúnkún ló yẹ̀. Àǹtí Bísí náà kò mọ̀. Ó gbé e jókòó sórí páálí kan nínú ilé rẹ̀, ó fún un lómi, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn títí ó fi mu ún tán.

Àǹtí Bísí kò kó lọ sí Canarsie mọ́. Ó pẹ́ kó tó tú páálí rẹ̀. Nígbà tí òtútù padà dé, Ìyá Àgbà fi ìró rẹ̀ kan tó ti gbó wé ìdí igi, yìnyín bò ó, kò sì kú. Wọ́n tún jọ ń ṣa ẹ̀wà nígbà mìíràn, "Màmá" ni Àǹtí Bísí sì ń pè é.

Òdòdó tún yọ nígbà tí ooru dé. Miss Carmen ní ká já a lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbòǹgbò lè fìdí múlẹ̀. Lówùúrọ̀ náà, Ìyá Àgbà gbé ìgbálẹ̀, ó gbá àjà. Ó pẹ́ díẹ̀. Kì, kì. Àǹtí Bísí wọ kóòtù, ó tẹ̀ lé wa dé ìdí igi. Àwọn Yorùbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin tiwọn, Ìyá Àgbà sì gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Bísí, bá mi já a. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó já a."

Àǹtí Bísí ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù rẹ̀.

"Rárá, Màmá," ó wí. "Ẹ já a fúnra yín. Mo wà níbí, mo ń wò yín."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Òdòdó ń bọ́ sórí bàtà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó rò pé òun ti já a tán, ó nu ọwọ́ sí ara ìró rẹ̀.

"Màmá, ó ku ẹyọ kan lókè yẹn," Àǹtí Bísí wí. Àgbọ̀n ló fi tọ́ka sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú àpò kóòtù.